Bí a ṣe ń kọ ìtàn màmá àgbà sílẹ̀ fún ìsìn ìrántí

Nígbà tí màámi sùn nínú Olúwa ní Àgbádárìgì, ìpínrọ̀ kan péré la kọ nípa wọn sínú ìwé ètò ìsìn: ìyá rere, olùfọkànsìn, aláàánú. Bí ẹ bá fi orúkọ ìyá ẹlòmíràn rọ́pò tiwọn, kò sí ẹni tó máa mọ̀. Ó dùn mí gan-an. Nígbà tí ìrántí ọdún kan ń bọ̀, a tún un kọ. Báyìí la ṣe ṣe é.

Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í pín aṣọ, ẹ gba Bíbélì àti ìwé orin wọn sọ́wọ́. Ẹ má gbọn wọ́n o. Ẹ máa ṣí wọn ní ojú ewé kan tẹ̀ lé èkejì, kí ẹ sì fi fóònù ya ohunkóhun tí ẹ bá rí níbi tó wà gan-an, torí ibi tí wọ́n fi í sí wà lára ìtàn. Téèpù ló di èèpo ẹ̀yìn Bíbélì màámi mú. Ní Sáàmù 121 la ti bá bébà kan tí wọ́n ká sí mẹ́rin: orúkọ ọmọ-ọmọ mọ́kànlá, pẹ̀lú ìlà bírò kéékèèké níwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan. Àbúrò mi tó ń bá wọn gbé ló túmọ̀ rẹ̀ fún wa. Tí wọ́n bá jí ní aago márùn-ún ìdájí, ẹni tí wọ́n bá gbàdúrà fún tán ni wọ́n ń fa ìlà fún. Ìlà iwájú orúkọ ọmọ mi kejì ti kún dé etí bébà. Ọdún tí ara rẹ̀ kò yá ni.

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ bá àwọn ẹgbẹ́ wọn, kí ẹ sì gba ohùn wọn sílẹ̀. Ẹ má bi wọ́n pé irú èèyàn wo ni màmá yín, torí "èèyàn dáadáa ni" ni wọ́n máa sọ. Ẹ béèrè nǹkan tó ṣeé dì mú: "Mà, orin wo ni wọ́n máa ń dá nípàdé? Kí ni wọ́n máa ń gbé wá síbi ìkórè?" Ìyá kan nínú Ẹgbẹ́ Ìyá rẹ́rìn-ín sí ìbéèrè yẹn. Wọ́n ní àgbọn tí màámi bá kọ́kọ́ tà láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, inú agolo mílíìkì kan lowó rẹ̀ ń wọ̀, ebi ì báà pa ilé, ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kàn án títí di ìkórè. Àwa ọmọ mọ agolo náà. A ò mọ ohun tó wà fún.

Tó bá jẹ́ èdè Ègùn ni wọ́n fi ń gbàdúrà, ẹ kọ ọ́ ní Ègùn bẹ́ẹ̀.

Ọdún tí wọ́n bí wọn ló máa ń le. Ẹ kọ́kọ́ wo ìwé ìtẹ̀bọmi ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bí orúkọ wọn kò bá sí níbẹ̀, ẹ fi ohun tí ìlú rántí ṣe òṣùwọ̀n: igi Agia ní Àgbádárìgì, tí wọ́n wàásù ìyìn rere lábẹ́ rẹ̀ ní 1842, wó ní 1959; ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọwọ́ ọ̀tún ní 1972; náírà dé ní 1973. Ẹ̀gbọ́n màámi rántí pé màámi ti ń dá omi pọn nígbà tí igi náà wó. Ibẹ̀ la ti ṣírò rẹ̀, a sì kọ "ní nǹkan bí 1950".

Ẹ má sọ wọ́n di áńgẹ́lì. Odidi ọdún méjì ni màámi fi bá àbúrò wọn yan odì lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Nígbà tó ku ọ̀la Àjíǹde, wọ́n lọ kúnlẹ̀ fún un, àwọn tí wọ́n jẹ́ ẹ̀gbọ́n. A gbàyè lọ́wọ́ àǹtí wa kí a tó kọ ọ́ sí i. Ibẹ̀ lomi ti bọ́ lójú ìjọ.

Lọ́jọ́ ìsìn, ọmọ-ọmọ ni kó kà á. Ní ti orin, ẹ wo ojú ewé tí ọwọ́ ti dúdú jù nínú ìwé orin wọn, orin wọn nìyẹn. Ẹ ṣe ẹ̀dà ìtàn náà fún ọmọ kọ̀ọ̀kan àti fún ṣọ́ọ̀ṣì. Bébà orúkọ yẹn náà, ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀, kí ẹ sì dá ojúlówó padà sí ojú ewé tí ẹ ti bá a.