Lẹ́tà B tó dá mi padà ní Ìdí-Ìrókò

Lẹ́tà kan ṣoṣo ló ná mi ní 78,500 náírà àti ọjọ́ 23. Òun náà ni kò jẹ́ kí n jókòó níbi ìgbéyàwó ọmọ àbúrò ìyá mi ní Kétu nílẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Lẹ́tà B inú nọ́ńbà ṣáísì alùpùpù mi ni, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí wọ́n tẹ̀ sára irin rẹ̀. Ẹnì kan tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà wò ó, ó tẹ 8 dípò rẹ̀, ó sì bá iṣẹ́ tirẹ̀ lọ. Inú ṣì ń bí mi di bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹni tó bá ń múra láti gun alùpùpù kọjá bọ́dà lọ sí ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ yẹ ìwé rẹ̀ wò kó tó jáde nílé.

Abẹ́òkúta ni mò ń gbé, àdìrẹ ni mò ń tà. Ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń gun alùpùpù. Boxer ni, nọ́ńbà búlúù, èmi ni mo ni ín, èmi ni mò ń gùn ún lọ sí Itókù, èmi náà ni mò ń fa ṣéènì rẹ̀ bó bá ti dẹ̀. Àwọn kan ṣì máa ń yíjú wò mí lójú títì nítorí pé obìnrin ni mí. Ní Kétu, ta ló fẹ́ yíjú? Àwọn ẹbí mi obìnrin tó wà níbẹ̀, alùpùpù ni wọ́n ń gùn lọ sọ́jà, òun ni wọ́n fi ń gbé ọmọ lọ sílé ìwé. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n gùn ni mo ti ń sọ pé n ó gun tèmi dé ìlú ìyá mi, kí n gbé e kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àkàbà Ìdẹ́nà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú náà, kí gbogbo wọn rí i. Ìgbéyàwó yìí ni mo fi àdéhùn náà sí.

Ẹ jẹ́ kí n yára sọ èyí tó rọrùn. Pásípọ́ọ̀tù mi ṣì lọ́jọ́ lórí. Ọdún 1979 ni àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS ti fọwọ́ sí i pé ọmọ ilẹ̀ kan lè wọ ilẹ̀ èkejì fún 90 ọjọ́ láìgba físà. Àdéhùn kan náà ló gba ọkọ̀ aládàáni láàyè fún 90 ọjọ́, bí láísẹ́ǹsì, ìwé ọkọ̀, inṣọ́ránsì àti ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù rẹ̀ bá pé. Ọjọ́ 15 péré ni ti ọkọ̀ akérò, nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ gun ọ̀kadà onínọ́ńbà pupa lọ, ìṣirò tirẹ̀ yàtọ̀. Káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú mi ti wà nílé láti ìgbà tí mo ti lọ sí Lomé. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ láti 2016 pé abẹ́rẹ́ náà kì í pé ọdún mẹ́wàá kó bàjẹ́ mọ́, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló wà fún títí ayé. Ẹni tí kò bá tíì gbà á ni kó ṣọ́ra, torí pé ó di ọjọ́ kẹwàá lẹ́yìn abẹ́rẹ́ kí káàdì náà tó ní agbára ní bọ́dà. Ẹ má gba abẹ́rẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì kí ẹ ní ẹ fẹ́ kọjá lọ́jọ́ Ajé.

Ti alùpùpù fúnra rẹ̀, mi ò ní fi ìyẹn gba àkókò yín. Ẹni tó ń gùn ún mọ̀ ọ́n: ọ́ìlì, pọ́lọ́ọ̀gì, bíréèkì, tíúbù kan nínú báàgì, akoto lórí.

Brown Card ni mo tún gbà. Òun ni inṣọ́ránsì tí àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS jọ fọwọ́ sí ní Kútọnu ní 1982, pé bí èèyàn bá kọ lu ẹnì kan nílẹ̀ onílẹ̀, owó á wà láti fi tọ́jú ẹni náà. Inṣọ́ránsì tí a ń gbà nílé níbí kò tó fún ìyẹn. Mo san owó rẹ̀, mo gba káàdì mi, mo fi í sínú ọ̀rá pẹ̀lú àwọn ìwé yòókù, mo sì rò pé mo ti parí iṣẹ́.

Ọjọ́bọ̀ ni mo gbéra, aago mẹ́fà àárọ̀, pẹ̀lú báàgì àdìrẹ méjìlá tí mo fọwọ́ ara mi dì, tí mo fọwọ́ ara mi rẹ sínú aró fún àwọn ìyá ìyàwó. Pápáláǹtò, Ìlaròó, Òwódé, Ajílété. Bọ́dà Ìlárá súnmọ́ Kétu ju ti Ìdí-Ìrókò lọ dáadáa, mo mọ̀, ṣùgbọ́n mo fẹ́ gba ibi tí wọ́n á ti lu pásípọ́ọ̀tù mi lóǹtẹ̀ láìsí àríyànjiyàn. Ìdí-Ìrókò tí wọ́n tì ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, tó di oṣù kẹrin ọdún 2022 kí wọ́n tó fàṣẹ sí i pé kí wọ́n ṣí i, ó ti pẹ́ tí mo ti ń retí láti gbabẹ̀. Láàárín Òwódé sí bọ́dà, ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ni wọ́n dá mi dúró. Mo kà á. Ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ni mo fa ìwé yọ, tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, tí wọ́n dá a padà. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tó bẹ̀rẹ̀ wo ọrùn alùpùpù, níbi tí nọ́ńbà ṣáísì wà.

Ọkùnrin tó bẹ̀rẹ̀ wò ó wà ní òdìkejì bọ́dà, ní Ìgólò. Ọ̀dọ́ ni, ó ń sọ Yorùbá bíi tiwa. Ó gba ìwé, ó mú tọ́ọ̀ṣì kékeré kan, ó lóṣòó ti ibi tí wọ́n tẹ nọ́ńbà ṣáísì sí lára irin. Ó ń kà á sókè, ó ń wo ìwé. Ó dé àárín, ó dákẹ́, ó tún un kà láti ìbẹ̀rẹ̀.

"Ìyá, ẹ wá wò ó fúnra yín."

B ló wà lára irin. 8 ló wà nínú ìwé.

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo fi báàgì aṣọ hàn án, mo fi káàdì ìgbéyàwó hàn án. Kò bú mi, kò sì béèrè owó. Ó ní bí òun bá kọ nọ́ńbà inú ìwé sórí ìwé tí wọ́n fi ń gba alùpùpù wọlé, ẹni tó bá dá mi dúró lọ́nà lè gbẹ́sẹ̀ lé e, kó ní ẹrù olè ni. Bí òun bá sì kọ ti ara irin, kò ní bá Brown Card mu, tí nǹkan bá sì ṣẹlẹ̀, kò sí ẹni tó máa san kọ́bọ̀. Òótọ́ ló sọ, mo sì mọ̀ pé òótọ́ ni, kò sí ohun tó dùn mí tó ìyẹn. Mo fi báàgì rán obìnrin kan tó ń lọ sí Kétu, mo fún un ní nọ́ńbà fóònù àbúrò ìyá mi, mo sì yí orí alùpùpù padà sílé. Lọ́jọ́ Sátidé, orí WhatsApp ni mo ti rí àwọn ìyá ìyàwó nínú àdìrẹ tí mo rẹ.

Nọ́ńbà ṣáísì jẹ́ mẹ́tàdínlógún, lẹ́tà àti nọ́ńbà pọ̀. Tèmi, MD2 ló fi bẹ̀rẹ̀, àmì Bajaj ti Íńdíà, tó ń ṣe Boxer, nìyẹn. Àwọn tó gbé ètò yẹn kalẹ̀ mọ̀ pé ojú èèyàn lè ṣì í wò, wọ́n sì yọ I, O àti Q kúrò pátápátá kí ẹnikẹ́ni má baà kà wọ́n sí 1 tàbí 0. Bí ẹ bá rí O nínú nọ́ńbà ṣáísì lórí ìwé yín, àṣìṣe ni, ẹ má wulẹ̀ jiyàn. Ṣùgbọ́n wọ́n fi B àti 8 sílẹ̀ síbẹ̀, wọ́n fi S àti 5 sílẹ̀, wọ́n fi Z àti 2 sílẹ̀. Ibẹ̀ ni ojú ti gbọ́dọ̀ là.

Àṣìṣe ọ̀hún sì ti bímọ. Inú ìwé tó fi hàn pé èmi ni mo ni alùpùpù ló ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n dà á kọ láti ibẹ̀ sínú láísẹ́ǹsì ọkọ̀, láti ibẹ̀ sínú inṣọ́ránsì, láti ibẹ̀ sínú Brown Card. Ìwé mẹ́rin. Mi ò lè tún ti ìkẹyìn ṣe láìjẹ́ pé mo padà síbi gbòǹgbò.

Ẹni tó bá mi ṣe ìwé náà ni mo kọ́kọ́ lọ bá. Ó ní, "Màmá, kí ni ìyàtọ̀ B àti 8? Ẹ gba ọ̀nà ẹ̀yìn, kò sẹ́ni tó máa bi yín." Mo ní mi ò lè gba inú igbó wọ ìlú tí wọ́n ti bí ìyá mi bí ẹni tó jí nǹkan gbé. Kò gbé fóònù mi mọ́ láti ọjọ́ náà.

Mo gba ọ́fíìsì lọ fúnra mi. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n ní kò sí nẹ́tíwọ̀kì. Ọjọ́rú, kò sí nẹ́tíwọ̀kì. Lọ́jọ́bọ̀, nẹ́tíwọ̀kì dé, wọ́n wá ní kí n lọ gba ìwé ìbúra wá ní kóòtù. Èmi tí mi ò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà wọn rí, èmi ni mo lọ gbọ́wọ́ sókè búra. Mo mú un dé, wọ́n ní ó ku ti ọlọ́pàá. Àwọn ọlọ́pàá lẹ bébà fẹ́lẹ́ mọ́ ara irin, wọ́n fi pẹ́ńsùlù ha á títí gbogbo nọ́ńbà fi jáde lórí bébà, B sì hàn gbangba láàárín wọn. Nínú gbogbo ìrìn yẹn, ibẹ̀ nìkan ni inú mi ti dùn. Mo ní kí wọ́n ha èkejì fún mi, mo mú un lọ sílé.

Mo padà dé ọ́fíìsì, wọ́n ní ẹnì kan ṣoṣo ló lè tún un ṣe nínú kọ̀ǹpútà, ó sì ti lọ ìsinmi. Ọ̀sẹ̀ kan. Mo padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, kò tíì dé. Ìgbà mẹ́fà ni mo ti ṣọ́ọ̀bù mi pa nítorí wọn. Àwọn oníbàárà tó wá láti Èkó wá ra àdìrẹ bá ilẹ̀kùn ní títì, wọ́n yà sí ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíràn, mi ò sì ka ìyẹn mọ́ 78,500 yẹn.

Lọ́jọ́ kọkàndínlógún, ó dé, ó tún un ṣe láàárín ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ìṣẹ́jú mẹ́rin! Wọ́n tẹ ìwé jáde, mo dúró níbẹ̀, mo kà á lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. B ti wà níbi tó yẹ. Ṣùgbọ́n lẹ́tà kan ti bọ́ kúrò nínú orúkọ bàbá mi. Mo ní mi ò kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ọmọbìnrin kan ní, "Ìyá Ìbejì, ẹ jẹ́ ká ríbi ṣiṣẹ́." Mo fa àga, mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kùn pẹ̀lú akoto lórí itan. Aago márùn-ún kọjá díẹ̀ kí wọ́n tó fún mi ní èyí tó tọ́. Mi ò tíì jókòó síbì kan tí mo fẹ́ràn ara mi tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ọjọ́ mẹ́rin tó kù, láísẹ́ǹsì ọkọ̀, inṣọ́ránsì àti Brown Card tuntun ló gbà á, mo sì san owó gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kejì. Ẹni tó tẹ 8 kò san nǹkan kan.

Ohun tí ǹ bá ti ṣe nìyí. Lọ́jọ́ tí mo ra alùpùpù, ǹ bá ti mú búrọ́ọ̀ṣì àti kẹrosíìnì, kí n fọ gíríìsì kúrò lọ́rùn rẹ̀, kí n wo nọ́ńbà náà fúnra mi. Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn máa ka ti ara irin sókè nígbà tí ẹ̀yin ń wo ìwé. Ẹni tó bá ń wo méjèèjì pọ̀, ohun tó ń retí lojú rẹ̀ máa rí. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún nọ́ńbà ẹ́ńjìnì pẹ̀lú. Ẹ fi orúkọ orí ìwé wé ti pásípọ́ọ̀tù, títí dé lẹ́tà tó kẹ́yìn. Ẹ má san owó Brown Card kí ẹ tó ṣe gbogbo ìyẹn, torí pé ohun tó bá wà nínú ìwé yín ni wọ́n máa dà kọ. Oṣù kan kí ẹ tó lọ ni mo ní kí ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ má jẹ́ kó di ọ̀sẹ̀ kan.

Nígbà tí mo padà dé Ìgólò, mi ò bá ọ̀dọ́ ọjọ́sí. Bàbá kan tó ní irùngbọ̀n funfun ló gba ìwé lọ́wọ́ mi. Òun náà mú tọ́ọ̀ṣì, òun náà lóṣòó. Mo ti há gbogbo mẹ́tẹ̀ẹ̀tàdínlógún sórí. Bó ṣe ń kà á lára irin ni mò ń kà á pẹ̀lú rẹ̀ láìwo ibì kankan, bàbá sì gbójú sókè wò mí nígbà tí a jọ pe B. Ó dìde, ó gbọn eruku orúnkún, ó na ọwọ́ sí òǹtẹ̀.

Aago mẹ́ta ọ̀sán ni mo wọ Kétu. Ìyàwó ti wà nílé ọkọ rẹ̀ ní Pọ̀bẹ̀, mo ti kọjá níwájú ilé wọn lójú ọ̀nà láìmọ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gun alùpùpù mi padà lọ kí i.