Bí oníṣẹ́ ilé kíkọ́ láti Nàìjíríà ṣe lè gba láísẹ́ǹsì ní California

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti mọṣẹ́ láti ilé, tẹ́ ẹ ṣì ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ láísẹ́ǹsì ẹlòmíì ní Oakland, Sacramento tàbí Los Angeles, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Bíríkìlà ni mí. Ìbàdàn ni mo ti kọ́ṣẹ́, ibẹ̀ náà ni mo ti ṣe fíríìdọ̀mù, kí n tó wá gba láísẹ́ǹsì níbí.

Ọ̀rọ̀ owó yín ló jẹ́ kí n máa tẹnu mọ́ láísẹ́ǹsì. Láti ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 2025, iṣẹ́ tí owó rẹ̀ bá ti tó $1,000, owó iṣẹ́ àti ti ohun èlò pọ̀, ẹni tí kò ní láísẹ́ǹsì kò gbọdọ̀ gbà á. Bó bá tiẹ̀ kéré sí bẹ́ẹ̀, tó bá ti gba permit, ìyẹn ìwé àṣẹ ìjọba láti kọ́lé, tàbí tẹ́ ẹ bá gba ọmọṣẹ́ kan sí i, òfin ti mú yín. Bí oníbàárà bá sì jẹ yín lówó, kóòtù kò ní bá yín gbà á. Ó tiẹ̀ lè ní kẹ́ ẹ dá gbogbo èyí tó ti san padà. Mo mọ arákùnrin kan tó mọ ògiri yí ọgbà ká fún oníbàárà, ògiri tó dúró ṣánṣán, kò rí kọ́bọ̀ gbà, kò sì ríbi gbẹ́jọ́ lọ.

Contractors State License Board, tí gbogbo ayé ń pè ní CSLB, ló ń fúnni ní láísẹ́ǹsì náà. Ọdún 4 iṣẹ́ ni wọ́n ń béèrè, láàárín ọdún 10 tó ṣáájú ọjọ́ tẹ́ ẹ fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀. Iṣẹ́ ẹni tó lè dá ṣe é láìsí pé ọ̀gá ń dúró tì í ni wọ́n ń kà, tàbí ti fọ́mánù, tàbí ti agbaṣẹ́ṣe fúnra rẹ̀. Ọdún tẹ́ ẹ fi po sìmẹ́ǹtì, tẹ́ ẹ fi gbé búlọ́ọ̀kù fún ọ̀gá, kò sí nínú rẹ̀. Ẹ máa kà á láti ọjọ́ fíríìdọ̀mù.

Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan fọ́ọ̀mù, ẹ mọ irú láísẹ́ǹsì tẹ́ ẹ ń lọ fún. Láísẹ́ǹsì B ni ti ilé kíkọ́ lápapọ̀, òun ni gbogbo wa máa ń sáré sí. Ṣùgbọ́n pákó ni wọ́n fi ń kọ́ ọ̀pọ̀ ilé ní California. Igi pọ̀, ilẹ̀ sì máa ń mì. Ẹni tó jẹ́ pé búlọ́ọ̀kù nìkan ló ń tò láti ilé kò tíì fi bẹ́ẹ̀ ní nǹkan tó máa kọ síbẹ̀. Kó lọ fún C-29, ti àwọn tó ń mọ búlọ́ọ̀kù, bíríkì àti òkúta. Ti oní-táìsì ni C-54, ti kọnkéré ni C-8, ti ọ̀dà ni C-33, ti iná ni C-10, ti pulọ́ńbà ni C-36. C-29 ni mo kọ́kọ́ gbà. Ilé onípákó tí mo wá ṣe lábẹ́ ẹlòmíì lẹ́yìn náà ni mo fi wá B.

Ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí ló le jù. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù ẹ̀rí pé òun fojú ara òun rí i tẹ́ ẹ ṣiṣẹ́ náà: ọ̀gá, akẹgbẹ́, ẹnjiníà, ayàwòrán ilé, inspector tó ń yẹ ilé wò, tàbí oníbàárà. Ọ̀gá mi n'Íbàdàn kọ̀, kò fọwọ́ sí i, àfìgbà tí ọmọ rẹ̀ obìnrin jókòó tì í, tó túmọ̀ rẹ̀ fún un ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Inú mi dùn sí i, torí ẹni tó bá fọwọ́ sí irọ́ níbẹ̀ ti dẹ́ṣẹ̀ sí òfin. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ ọ́ pé “ó ṣiṣẹ́ ilé dáadáa.” Kó kọ ọ́ pé ẹ ka plan fúnra yín, ẹ na okùn ìpìlẹ̀, ẹ to búlọ́ọ̀kù, ẹ ki irin sínú ihò rẹ̀, ẹ da kọnkéré sí i, ẹ fi lẹ́fẹ́lì wò ó, lébìrà méjì sì ń gbọ́ràn sí yín lẹ́nu. Kó kọ oṣù àti ọdún tẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ àti èyí tẹ́ ẹ parí.

CSLB lè béèrè ẹ̀rí pé òótọ́ ni. Ẹ tọ́jú W-2 àti 1099, ìyẹn ìwé owó-orí tó ń fi owó tẹ́ ẹ gbà hàn, rísíìtì àti ìwé àdéhùn. Èmi ní ìwé kan tí mo ń kọ àdírẹ́sì ilé kọ̀ọ̀kan sí, pẹ̀lú nọ́ńbà permit rẹ̀ àti fóònù onílé.

Ẹni tó bá kàwé lè dín ọdún iṣẹ́ kù. Ìwé ẹ̀rí yunifásítì nínú iṣẹ́ ẹnjiníà tó jẹ mọ́ ọn tàbí yíyàwòrán ilé lè dúró fún ọdún tó tó 3 nínú 4, bẹ́ẹ̀ náà ni ìkọ́ṣẹ́ tí ìjọba fọwọ́ sí. Ó kéré tán, ọdún 1 gbọ́dọ̀ jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́. Sátífíkéètì fíríìdọ̀mù ẹgbẹ́ wa kì í ṣe irú ìwé yìí. Ọjọ́ tẹ́ ẹ di ẹni tó mọṣẹ́ ló wúlò fún. Ìwé láti Nàìjíríà gbọ́dọ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe ìdíyelé ìwé ẹ̀rí òkèèrè. Ẹ tètè béèrè transcript, ìwé èsì ẹ̀kọ́ yín, kì í yá.

Ìdánwò méjì ló wà: ti iṣẹ́ ọwọ́ yín, àti Law and Business, ti òfin àti okòwò. Ẹ fojú sí ti òfin. Nílé, a lè gba ìdajì owó kí a tó kó yanrìn wá. Níbí, tó bá jẹ́ àtúnṣe ilé, 10% tàbí $1,000 lẹ lè gbà ṣáájú, èyí tó bá kéré jù. Ìwé tẹ́ ẹ máa fi múra wà lórí ìkànnì CSLB lọ́fẹ̀ẹ́.

Ìyókù ò le. Fọ́ọ̀mù jẹ́ $450, láísẹ́ǹsì ẹnì kan ṣoṣo $200. Ẹni tí kò ní nọ́ńbà Social Security lè lo ITIN, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń san owó-orí. Ẹ máa tẹ̀ka, ẹ máa dáhùn ìbéèrè lórí asbestos, ohun èlò ilé kan tó léwu fún ẹ̀dọ̀fóró, tí ìwé rẹ̀ wà níwájú yín, ẹ sì máa gba bond $25,000, ìyẹn ìwé onígbọ̀wọ́ tó ń dáàbò bo oníbàárà. Kì í ṣe $25,000 lẹ máa san. Ìdá kékeré nínú rẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ bond máa gbà lọ́dọọdún, wọ́n á wo kírẹ́díìtì yín. Ẹni tí kò ní òṣìṣẹ́ lè yẹra fún ìnṣọ́ránsì òṣìṣẹ́, àmọ́ oní-C-8 àti àwọn tó ń kan òrùlé, C-39, gbọ́dọ̀ ní in.

Bí nọ́ńbà láísẹ́ǹsì bá ti dé, ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí káàdì, ìwé àdéhùn àti gbogbo ìpolówó yín. Ọdún 2 ló ń lò kẹ́ ẹ tó sọ ọ́ dọ̀tun.