Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Bí A Bá Ń Ṣe Ibi Ìwòran Sinimá sí Ẹ̀yìnkùlé

Àṣìṣe tí ó ń bí púpọ̀ nínú àwọn yòókù ni kí ènìyàn kọ́kọ́ lọ ra projector, ẹ̀rọ tí ń tan fíìmù sára aṣọ funfun tí a ta, kí ó tó wọn ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Owó a ti kúrò lápò, ẹ̀rọ a ti délé, nígbà náà ni ẹni tí ó rà á yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé àyè tí ó wà láàárín ògiri ilé àti fẹ́ǹsì kò gùn tó, tàbí pé iná sikiọ́ríti aládùúgbò ń tàn yanran sí ibi tí òun fẹ́ ta aṣọ sí láti ìrọ̀lẹ́ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ibi tí a ó ti wo fíìmù ni ó yẹ kí ó sọ irú ẹ̀rọ tí a ó rà.

Nọ́ńbà kan tí wọ́n ń pè ní throw ratio wà nínú ìwé tí ó bá projector wá tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kà. Òun ni ó ń sọ bí ẹ̀rọ náà yóò ti jìnnà sí aṣọ tó. Bí nọ́ńbà náà bá jẹ́ 1.5, tí a sì fẹ́ àwòrán tí ó fẹ̀ ní mítà 3, a ó fi 1.5 sọ 3 di púpọ̀, ẹ̀rọ náà yóò sì dúró sí mítà 4.5 sí aṣọ. Ní ọ̀pọ̀ ilé ní Èkó, ohun tí à ń pè ní ẹ̀yìnkùlé kò ju ọ̀nà tóóró tí táǹkì omi àti sọ́kàwéè ti gba ìdajì rẹ̀ lọ, nítorí náà irú ẹ̀rọ tí nọ́ńbà rẹ̀ kò tó 1 ni yóò bá irú ilé bẹ́ẹ̀ mu. Èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 0.5 lè gbé àwòrán mítà 3 kan náà jáde láti mítà 1.5 péré. Ẹni tí kò bá wọn ilẹ̀ a máa gbé ẹ̀rọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, yóò wá máa fi bọ́tìnnì tí ń tún igun àwòrán ṣe fa àwòrán wọ́wọ́ títí yóò fi dọ́gba. Àwòrán yóò dọ́gba lóòótọ́, ṣùgbọ́n lẹ́tà tí wọ́n ń kọ sí ìsàlẹ̀ fíìmù kò ní hàn kedere mọ́.

Ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ ni àwọn ọlọ́jà fi ń tan ènìyàn jẹ jù. Ẹ óò rí ẹ̀rọ kékeré tí ọmọdé lè fi ọwọ́ kan gbé, tí wọ́n kọ lumen (ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀) 9000 sí ara páálí rẹ̀, tí owó rẹ̀ kò sì tó ìdá mẹ́rin owó ojúlówó. ANSI lumen ni kí ẹ béèrè, nítorí òun ni ìwọ̀n tí ó ní ìlànà. Bí ọlọ́jà kò bá lè fi í hàn yín nínú ìwé ẹ̀rọ náà, ẹ má ṣe san owó. Ẹ̀rọ tí ó ní ANSI lumen bíi 2000 lódodo tó fún àwòrán mítà 3 bí ilẹ̀ bá ti ṣú dáadáa. Ẹ má sì ṣe rò pé bí àwòrán bá ti tóbi sí i ni yóò ti dùn sí i, torí bí a bá sọ fífẹ̀ rẹ̀ di ìlọ́po méjì, ìmọ́lẹ̀ kan náà ni yóò tàn ká ibi tí ó tóbi ní ìlọ́po mẹ́rin, gbogbo rẹ̀ yóò sì ràn bíi iná àtùpà tí epo ń tán nínú rẹ̀.

Àìnísùúrù wà nínú ọ̀rọ̀ yìí pẹ̀lú. Wọn a ní kí àlejò dé ní agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, wọn a sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ fíìmù lójú ẹsẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí projector ilé kan tí ó lè bá oòrùn jà. Ní ilẹ̀ Yorùbá, oòrùn a máa wọ̀ láàárín agogo mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àti agogo méje kọjá díẹ̀ jálẹ̀ ọdún, ilẹ̀ kì í sì í pẹ́ ṣú lẹ́yìn náà, nítorí náà kò sí oṣù kan tí a kò lè bẹ̀rẹ̀ ní agogo mẹ́jọ. Àwọn ọkọ̀ sinimá tí ìjọba amúnisìn ń rán lọ sí abúlé láyé ìgbà kan mọ èyí dájú. Alẹ́ ni wọ́n ń fi fíìmù han ará ìlú. Kí oúnjẹ gba wákàtí tí ó ṣáájú.

Ní ti aṣọ tí àwòrán yóò hàn lára rẹ̀, bẹ́ẹ̀dìṣíìtì funfun ni gbogbo ènìyàn ń sá lọ bá, òun gan-an ni kò sì dára. Ìmọ́lẹ̀ ń gba àárín rẹ̀ kọjá sí ẹ̀yìn, ó ń hunjọ, bí ó bá sì hunjọ, ojú òṣèré náà yóò hunjọ pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ lọ bá àwọn tí ń tẹ báńnà fún ìnáwó, kí wọ́n gé báńnà funfun tí wọn kò tíì tẹ nǹkan sí fún yín, ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ irú èyí tí kò dán, nítorí èyí tí ń dán yóò máa tan ìmọ́lẹ̀ padà sí ojú ẹni tí ó bá jókòó sí àárín. Kí wọ́n lu ihò onírin yí etí rẹ̀ ká. Àṣìṣe tí ó tẹ̀ lé e ni kí a fi okùn le báńnà náà gan-an mọ́ férémù tí a fi gbé e dúró, nítorí aṣọ mítà 3 sí 1.7 ń gba afẹ́fẹ́ bí ìgbòkun ọkọ̀, afẹ́fẹ́ tí ó máa ń ṣáájú òjò sì lè ya á tàbí kí ó bi férémù náà lu àwọn tí ó jókòó síwájú. Rọ́bà inú táyà ọ̀kadà tí a gé tẹ́ẹ́rẹ́ ni kí ẹ fi so ó, yóò lè máa fà, yóò sì máa padà. Kí ẹsẹ̀ férémù wọlẹ̀ dáadáa, kí ìsàlẹ̀ aṣọ sì ga tó mítà kan sí ilẹ̀, kí orí ẹni tí ó wà níwájú má baà dí ẹni ẹ̀yìn lójú.

Ibi tí ewu pọ̀ sí jù ni iná mànàmáná. Projector tí ń lo gílóòbù a máa gbóná gidigidi nínú, fáànù rẹ̀ sì ní láti máa ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ti pa á, kí ooru náà lè jáde. Ẹni tí ó bá ki í bọ inú iná NEPA lásán kò lè ṣe èyí, nítorí pé ìgbà tí iná bá wù ú ni yóò lọ. Fáànù yóò dúró lójijì, ooru yóò há sínú, bí ó bá sì ti ṣẹlẹ̀ léraléra, gílóòbù náà kò ní tọ́jọ́. UPS tàbí inverter kékeré, tí ń fi bátìrì gbé iná ró bí NEPA bá mú un lọ, ni kí ó wà láàárín ẹ̀rọ àti iná. Irú èyí tí ń lo LED tàbí laser kò ní wàhálà yìí tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n iná tí ń lọ sókè tí ń bọ̀ sísàlẹ̀ kò sàn fún òun náà.

Bí ó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ ni a fẹ́ lò, ọ̀pọ̀ ènìyàn a gbé e sí ẹ̀yìn àwọn tí ń wòran tàbí sí abẹ́ fèrèsé kí wáyà má baà gùn jù. Èyí burú ju ariwo lọ. Nínú èéfín rẹ̀ ni gáàsì carbon monoxide wà, tí kò ní òórùn, tí a kò lè fi ojú rí, tí ó sì ń pa ènìyàn. Nítorí náà kí ó jìnnà tó mítà 6 ó kéré tán sí ènìyàn, sí ilẹ̀kùn àti sí fèrèsé, títí kan fèrèsé aládùúgbò tí ọmọ rẹ̀ ti sùn, kí ẹnu sàléńsà rẹ̀ sì kọjú sí ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ lọ. Ẹ rọ epo kún un kí fíìmù tó bẹ̀rẹ̀, nítorí ẹni tí ó bá ń da bẹntiróòlù sí ẹ̀rọ gbígbóná lábẹ́ iná tọ́ọ̀ṣì ń fi ikú ṣeré. Wáyà ẹ̀kísítẹ́ńṣàn tí a so ní àárín tí a fi ọ̀rá wé kò gbọdọ̀ kan koríko tútù. Ẹ gbé gbogbo ojúkò iná lé orí búlọ́ọ̀kù, kí ẹ sì gbé wáyà gba ẹ̀gbẹ́ fẹ́ǹsì, kúrò lójú ọ̀nà tí àwọn ọmọ ń gbà lọ sí ilé ìtọ̀.

Àwọn ìwé tí òyìnbó ń kọ lórí nǹkan yìí kì í sọ̀rọ̀ èsúnsún. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀ lọ́sàn-án, tí ilẹ̀ sì rọ̀, àwọn ikán abìyẹ́ yìí a tú jáde nírọ̀lẹ́, iná tí ó mọ́lẹ̀ jù ni wọn a sì dà bò. Lálẹ́ sinimá, iná náà ni ẹnu projector yín. Ọ̀kan ṣoṣo tí ó bá bà lé dígí rẹ̀ a da òjìji bo àwòrán, àwọn tí fáànù bá sì fà wọlé a fi ìyẹ́ wọn dí ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà. Àwọn àgbà ti ní ọgbọ́n kan tí wọ́n ń fi kó o: ẹ tan gílóòbù funfun kan sí igun ọ̀nà jíjìn, ẹ gbé bàsíà omi sí abẹ́ rẹ̀, ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn yóò lọ, àwọn ọmọ yóò sì rí nǹkan yan jẹ. Kí iná yìí má kọjú sí aṣọ o. Ẹ̀fọn náà ń bẹ, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá tan kọ́ìlì sí iwájú projector yóò rí i pé èéfín rẹ̀ yóò hàn nínú ìmọ́lẹ̀ náà bí ìkùukùu. Bákan náà ni èéfín ẹran tí a ń yan. Abẹ́ àga, níbi tí atẹ́gùn yóò ti gbé e lọ sẹ́yìn, ni kí kọ́ìlì wà. Lásìkò ọyẹ́, eruku ni ọ̀tá, kí ẹ sì yọ fílítà ẹ̀rọ náà gbọn lẹ́yìn gbogbo ìgbà tí ẹ bá lò ó.

Níta gbangba, kò sí ògiri tí yóò dá ohùn padà, nítorí náà sípíkà inú projector kò lè tó ẹnikẹ́ni. Ohun tí wọ́n sábà máa ń ṣe ni kí wọ́n gbé sípíkà ńlá kan síwájú, kí wọ́n sì yí i sókè títí ẹni ẹ̀yìn yóò fi gbọ́, èyí tí ó túmọ̀ sí pé òpópónà kejì náà ti gbọ́. Sípíkà kékeré méjì tí ó sún mọ́ àwọn tí ń wòran, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, dára jù. Ẹ lo wáyà, ẹ má lo Bluetooth bí ẹ bá lè yẹra fún un, nítorí ó lè mú kí ohùn máa dé lẹ́yìn tí ẹnu òṣèré ti pa dé. Kí ẹ sì lọ sọ fún àwọn ará ilé kejì ṣáájú, bàbá tí a ti kí lọ́sàn-án kì í sábà wá kan ilẹ̀kùn lóru.

Dátà ni ó kù. Fíìmù tí ó mọ́ kedere láti orí íntánẹ́ẹ̀tì lè jẹ tó 3GB ní wákàtí kan, nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì lè já ní ibi tí ó dùn jù, nítorí náà ẹ gbà á sílẹ̀ ṣáájú, kí ẹ sì dán an wò lára projector náà gan-an, nítorí àwọn áàpù kan wà tí àwòrán wọn kì í jáde, tí ó jẹ́ ohùn nìkan ni yóò máa dún, bí a bá so fóònù mọ́ ẹ̀rọ mìíràn. Bí ó bá jẹ́ ẹbí àti ọ̀rẹ́ ni ó ń wò ó, kò sí ìjà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí gba owó lẹ́nu géètì, ó ti di ìfihàn fún gbogbo ènìyàn, ẹ sì ní láti gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tí ó ni fíìmù náà, gẹ́gẹ́ bí òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ Nàìjíríà ti ọdún 2022 ti wí. Owó tí ẹ san fún áàpù lóṣooṣù kì í ṣe àṣẹ yẹn.