Bí mo ṣe da ohun olówó gọbọi pọ̀ mọ́ ti owó pọ́ọ́kú nínú pálọ̀ kan

Pálọ̀ náà fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 12, ó gùn ní 14, fèrèsé kan ṣoṣo ló ní. Kí n tó ra ohunkóhun ni mo ti pinnu pé ohun méjì péré ni màá náwó gidi lé: àga tí ènìyàn á máa jókòó lé lójoojúmọ́, àti aṣọ òkè ẹtù tí màá fi kọ́ ara ògiri. Ìyókù, owó pọ́ọ́kú.

Àga ló jẹ owó jù. Ìrókò gbígbẹ ni mo ní kí káfíńtà lò. Igi tútù kò wọ́n, ṣùgbọ́n tí ọyẹ́ bá dé, á súnkì, gbogbo ibi tí igi ti pàdé á sì là. Yẹ egungun àga wò kí wọ́n tó fi aṣọ bò ó. Orí igi kan gbọ́dọ̀ wọnú ihò tí wọ́n gbẹ́ sára èkejì, pẹ̀lú gọ́ọ̀mù. Èyí tí wọ́n fi ìṣó nìkan kàn kì í pẹ́ tí á fi máa mì. Gbé ẹsẹ̀ iwájú kan sókè ní íǹṣì 6. Bí ẹsẹ̀ iwájú kejì kò bá tẹ̀ lé e, àga yẹn ń lọ́, má gbà á. Fóòmù líle, íǹṣì 6, ni mo fi sí ìjókòó. Fi orúnkún tẹ̀ ẹ́: bí orúnkún bá kan pákó, dá a padà.

Àdìrẹ ni mo fi rán kọ́tìnì, ọ̀pá 5, láti Ìtòkú ní Abẹ́òkúta. Omi tútù ni mo fi fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, títí omi fi mọ́, torí aró tó kù lára rẹ̀ á ran àga. Fọ̀ ọ́ kí o tó gé e o! Íǹṣì 180 ni mo rà. Lẹ́yìn fífọ̀, ó ku 176. Mo pín in sí méjì, 88 ọ̀kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ 96 ni mo nílò: 84 fún gígùn kọ́tìnì, 12 fún ìṣẹ́tí òkè àti ìsàlẹ̀. Mo wá so aṣọ aláwọ̀ aró tí kò ní ọnà, íǹṣì 9, mọ́ ìsàlẹ̀. Íǹṣì 1 bá ojú rírán lọ. Aṣọ yẹn ló jẹ́ kí kọ́tìnì wúwo, kó sì balẹ̀ dáadáa.

Ẹ̀là pláíwúùdù ni mo fi kan àpótí kékeré méjì. Káfíńtà fẹ́ kùn ún kó dà bí ìrókò, mo kọ̀. Etí pláíwúùdù á tú u fó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrókò gidi, torí ìpele-ìpele rẹ̀ hàn. Mo fi sáńpépà nọ́ńbà 120 ha á, lẹ́yìn náà 240 tó kúnná jù ú lọ, mo wá fi ọ̀dà dúdú kùn ún lẹ́ẹ̀mejì. Ó wá dúró fún ara rẹ̀.

Ẹtù náà wá láti Ìsẹ́yìn, awẹ́ mẹ́rin. Aró inú rẹ̀ ló so ó pọ̀ mọ́ kọ́tìnì, ìdí nìyẹn tí ojú kò fi rí i pé ọ̀kan wọ́n ju èkejì lọ. Má fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, á ba aṣọ jẹ́. Mo fi òwú tín-ín-rín gán an mọ́ aṣọ funfun tí mo nà sórí pákó, mo sì fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ láàárín òun àti gíláàsì férémù tó bò ó kí ọ̀rinrin òjò má bàa mú un hu. Ògiri tí oòrùn kì í kàn ni mo gbé e kọ́. Íǹṣì 18 ni mo kọ́kọ́ fi sókè ẹ̀yìn àga, ó dà bí ẹni pé àwọn méjèèjì ò mọ ara wọn rí. Mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí 8.