Déètì kan ṣoṣo tó yẹ kí gbogbo obìnrin máa kọ sílẹ̀

Ẹ dé ọ̀dọ̀ dókítà, bóyá orí ló ń fọ́ yín o, bóyá inú ló ń run yín, ìbéèrè kan wà tí wọn kì í fò: ìgbà wo lẹ rí nǹkan oṣù yín gbẹ̀yìn? Ọ̀pọ̀ nínú wa á gbójú sókè, a á máa ka ìka, a á ní "ó máa tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àbí mẹ́rin." Èmi náà ti dáhùn báyẹn rí, dókítà kàn wò mí ni, ó kọ èyí tó fẹ́ kọ. Ẹ má tan ara yín, orí kì í tọ́jú déètì, ìwé ló ń tọ́jú ẹ̀.

Ohun tẹ́ ẹ máa kọ ò pọ̀. Ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ dé dáadáa, ìyẹn èyí tó ń ṣàn débi tẹ́ ẹ fi máa lo páàdì, kì í ṣe èyí tó kàn kán díẹ̀ sára pátá, ọjọ́ yẹn ni ọjọ́ kìíní. Ẹ kọ ọjọ́ tó dá náà. Látọjọ́ kìíní yìí títí di ọjọ́ tó ṣáájú kí òmíì tó dé, iye ẹ̀ lẹ máa kà. Àwọn kan máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í kà látìgbà tí ẹ̀jẹ̀ bá dá, ìṣirò wọn ò sì lè bọ́ sí i láéláé.

Ká ní ó dé ní Máàṣì 4, ó tún dé ní Épírì 3, ó tún dé ní Épírì 30, ó wá di Júùnù 1. Ẹ kà á, ọjọ́ 30 ni àkọ́kọ́, ìkejì 27, ìkẹta 32. Ẹlòmíì á rí i báyìí á ní nǹkan ń ṣe òun, nǹkan kan ò ṣe é jàre. Fún àgbàlagbà, ọjọ́ 21 sí 35 ò burú, ti ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lè tó 45, ẹ̀jẹ̀ fúnra ẹ̀ sì máa ń wá fún ọjọ́ 2 sí 7.

Ibi tí wàhálà wà gan-an ni ọ̀rọ̀ oyún. Gbogbo èèyàn ló ń pariwo ọjọ́ 14, ọjọ́ 14, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ń ṣe ọjọ́ 28 nìkan nìyẹn bá mu. Ẹ̀yìn la ti ń kà á wá: ẹyin obìnrin sábà máa ń jáde ní nǹkan bí ọjọ́ 14 ṣáájú kí nǹkan oṣù tó ń bọ̀ tó dé. Nínú àpẹẹrẹ wa yẹn, oṣù tó jẹ́ 27, ẹyin á jáde ní bí ọjọ́ 13, èyí tó jẹ́ 32 á di bí ọjọ́ 18. Ẹyin yìí ò lè lò ju wákàtí 24 lọ, àmọ́ àtọ̀ ọkùnrin lè wà láàyè nínú obìnrin fún ọjọ́ 5, torí ẹ̀ tọkọtaya tó ń wá ọmọ kò gbọ́dọ̀ dúró de ọjọ́ ẹyin kí wọ́n tó sún mọ́ra, ọjọ́ 5 tó ṣáájú ẹ̀ ló ṣe pàtàkì jù. Ẹ wo omi ojú ara náà, tó bá ti ń yọ̀, tó ń fà láàárín ìka méjì bíi funfun ẹyin adìyẹ tútù, àsìkò ti tó nìyẹn, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹni tí kò fẹ́ lóyún ńkọ́? Ẹ má gbára lé áàpù orí fóònù nìkan o, oṣù tó ti kọjá ló fi ń méfò èyí tó ń bọ̀, àìsàn tàbí ìrònú sì lè sún ọjọ́ ẹyin síwájú. Ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú náà, ẹyin lè jáde kó tó rí nǹkan oṣù kankan rárá, ẹ lọ bá nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀.

Tí oyún bá sì ti wọlé, déètì yẹn náà ni wọ́n máa fi mọ oṣù ìkúnlẹ̀. Wọ́n á mú ọjọ́ kìíní nǹkan oṣù tó gbẹ̀yìn, wọ́n á fi ọjọ́ 7 kún un, wọ́n á yọ oṣù 3 kúrò. Júùnù 1 wa yẹn á bọ́ sí Máàṣì 8 ọdún tó ń bọ̀.

Bí ọmú bá ń dun yín, tí orí ń fọ́, tí inú ń bí yín láìnídìí, ẹ kọ ìyẹn náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ déètì. Tó bá fi oṣù mẹ́ta tẹ̀ lé ara wọn bọ́ sí ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú nǹkan oṣù, ẹ ti rí ibi tó ti ń wá. (Ẹ jẹ́ kí ọkọ náà wò ó, á dín ìjà kù.)

Àwọn tí kò yẹ kẹ́ ẹ fi falẹ̀ rèé: ẹ̀jẹ̀ tó kọjá ọjọ́ 7, páàdì tó ń kún láàárín wákàtí kan léraléra, ẹ̀jẹ̀ tó dì gbàgìgbàgì, oṣù mẹ́ta láìrí nǹkan láìsí oyún, ẹ̀jẹ̀ láàárín oṣù tàbí lẹ́yìn ìbálòpọ̀, àti ẹni tó ti dáwọ́ nǹkan oṣù dúró fún ọdún kan tó tún wá rí ẹ̀jẹ̀, bó ṣe wù kó kéré tó. Ó lè jẹ́ fibroid, ìyẹn kókó inú ilé ọmọ, ó lè jẹ́ nǹkan míì, ẹ̀jẹ̀ tó ń ya púpọ̀ sì lè jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dín lára, kó máa rẹ èèyàn. Tẹ́ ẹ bá ń lọ rí dókítà, ìwé yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ mú dání, ẹ má jókòó máa dà á kọ sí tuntun torí pé ó dọ̀tí.