Ìlú Àwọn Aràrá Lábẹ́ Ilẹ̀ Nínú Minecraft: Ìbéèrè Tí Ẹ Ń Bi Mí Lójoojúmọ́

Àwa kan jọ ń gbẹ́ ìlú àwọn aràrá sínú àpáta nínú Minecraft, géèmù tí a ti ń fi búlọ́ọ̀kù kọ́ nǹkan: gbọ̀ngàn olópòó gíga, ọ̀nà tó gba abẹ́ òkè kọjá, àgbẹ̀dẹ tí lava (òkúta yíyọ́ tó gbóná) ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá darapọ̀ mọ́ wa ló ń gbé ẹjọ́ kan náà wá, mo sì ti dáhùn títí ẹnu mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Ẹ ka èyí kí ẹ tó bi mí. Java Edition, ọ̀kan nínú oríṣi Minecraft méjì, láti ẹ̀dà 1.18 sókè ni mo ní lọ́kàn.

Ìbéèrè: Sáfà, kọ̀ǹpútà tí ayé wa wà lórí rẹ̀, kò jẹ́ kí n wọlé.

Ìdáhùn: Ṣé ẹ̀dà géèmù yín bá ti sáfà mu? Ṣé Java lẹ ń lò àbí Bedrock, oríṣi kejì? Ṣé orúkọ yín ti wà nínú whitelist, ìwé orúkọ àwọn tí a gbà láyè láti wọlé? Ẹ wo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ná.

Ìbéèrè: Mo wọlé, àmọ́ búlọ́ọ̀kù tí mo bá fọ́ ń padà sáyè rẹ̀.

Ìdáhùn: Ibi tí gbogbo èèyàn ti ń kọ́kọ́ bọ́ sínú ayé náà lẹ ti ń gbẹ́. Nínú fáìlì server.properties, spawn-protection máa ń wà ní 16 bí ẹnikẹ́ni ò bá yí i padà, ìyẹn ni pé búlọ́ọ̀kù 16 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ni ẹni tí kì í ṣe alábòójútó kò lè fọwọ́ kàn. Àwọn kan rò pé bí àwọn bá ti gbẹ́ lọ sísàlẹ̀, àwọn ti bọ́. Rárá o, láti òkè dé ìpìlẹ̀ ni. Ẹ sún síwájú, tàbí kí alábòójútó sọ ọ́ di 0, kó sì pa sáfà kó tún un tàn.

Ìbéèrè: Dígà mi ń falẹ̀ nísàlẹ̀.

Ìdáhùn: Kò sóhun tó ṣe é. Láti Y 0 (Y ni nọ́ńbà tó ń sọ bí ibì kan ṣe ga tàbí jìn sísàlẹ̀ tó) lọ sísàlẹ̀, deepslate, òkúta dúdú, ló gba ipò òkúta lásán. Líle òkúta jẹ́ 1.5, ti deepslate jẹ́ 3. Ẹ ní sùúrù.

Ìbéèrè: Ọ̀nà tí mo gbẹ́ àti èyí tí ẹnìkejì mi gbẹ́ kò ṣe déédéé níbi tí wọ́n ti pàdé.

Ìdáhùn: Ohun méjì ló sábà ń fà á. Èkíní ni nọ́ńbà Y. Èyí tó ń hàn bí ẹ bá tẹ bọ́tìnì F3 jẹ́ ti ẹsẹ̀ yín, kì í ṣe ti ilẹ̀ tí ẹ tẹ̀. Bí ẹ bá dúró sórí búlọ́ọ̀kù tó wà ní -21, -20 lẹ ó rí. Ẹnì kan á ní "ilẹ̀ wa wà ní -20", ti ẹsẹ̀ ló ń sọ; ẹnìkejì á lọ to búlọ́ọ̀kù sí -20 gan-an. Ìgbésẹ̀ kan ti yọ láàárín wọn nìyẹn, wọn ò sì ní mọ̀ títí ògiri á fi wó. Ẹ máa sọ nọ́ńbà búlọ́ọ̀kù ilẹ̀. Ẹ kọjú sí i, ẹ wo "Targeted Block" lápá ọ̀tún F3.

Èkejì ni ìbú. Ọ̀nà tó fẹ̀ ní 5 ní búlọ́ọ̀kù àárín. Èyí tó fẹ̀ ní 4 kò ní. Bí ẹ bá so wọ́n pọ̀, ẹ̀gbẹ́ kan á yọ ju èkejì lọ, kò sì sí ọnà tó lè bò ó. Nínú ìlú aràrá, ojú ń tẹ̀ lé ìlà àárín ilẹ̀ lọ tààrà dé ẹnu ìlẹ̀kùn. Bí ìlà yẹn bá yà díẹ̀, gbogbo ẹwà ibẹ̀ ti lọ. Ìdí nìyí tí a fi fẹnu kò sórí 5, 7 àti 9. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbẹ́ 6 torí pé ó wù yín.

Ìbéèrè: Àgbẹ̀dẹ wa jóná, mo sì mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ò wá síbẹ̀.

Ìdáhùn: Lava ló jó o. Lava ń ran iná mọ́ pákó, wúlù àti pẹpẹ ìwé tó bá wà nítòsí rẹ̀, kódà bí wọn ò fara kàn án. Ẹ lo igi crimson tàbí warped tí a ń mú wá láti Nether, ayé oníná inú géèmù náà. Wọn kì í jó. Lójú tèmi, pupa crimson bá ìmọ́lẹ̀ lava mu ju igi oak lọ.

Ìbéèrè: Zombie àti creeper, ẹ̀dá tó ń gbógun tini, ń yọ nínú ilé.

Ìdáhùn: Láti ẹ̀dà 1.18, ibi tí ìmọ́lẹ̀ àtọwọ́dá bá jẹ́ 0 pátápátá nìkan ni wọ́n ti ń yọ lábẹ́ ilẹ̀. Ògùṣọ̀ kan ń fúnni ní 14, ó sì ń fi 1 dín ní búlọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan. Ẹ yé gbin ògùṣọ̀ sílẹ̀ bí àgbàdo, ẹ ń ba gbọ̀ngàn jẹ́. Ilẹ̀ kọ́ ni wàhálà yín. Orí òpó ni, ẹ̀yìn ọnà ara ògiri, òkè ẹnu ìlẹ̀kùn níbi tí ẹnikẹ́ni kì í wò. Ẹ gun ibẹ̀, ẹ tẹ F3, kí ẹ wo nọ́ńbà tó wà níwájú "block".

Ìbéèrè: Mo ti tan iná síbi gbogbo, slime, ẹ̀dá bíi jẹ́lì tó ń fò, ṣì ń yọ.

Ìdáhùn: Èyí ni mo bá jà jù, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́.

Gbọ̀ngàn ọba wa ló ṣẹlẹ̀ sí. Ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ polished deepslate, àtùpà so rọ̀ láti òkè, ìmọ́lẹ̀ kò sì lọ sílẹ̀ ju 9 lọ níbikíbi. Síbẹ̀, bí a bá lọ ṣiṣẹ́ lápá kejì ìlú tí a sì padà, a ó bá slime ńlá kan tó ń fò kiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtẹ́. A pa á, ó pín. A pa àwọn kéékèèké. Bí a bá tún jáde tí a padà, òmíràn ti dé.

Gbogbo èèyàn ló ní ìmọ̀ràn. Wọ́n ní ká fi àtùpà kún un, a fi kún un. Wọ́n ní ihò kan ló ń gbà wọlé; a tú ògiri apá ìlà-oòrùn, kìkì òkúta la bá, a tún un dí. Ẹnì kan ní ká yí géèmù sí Peaceful, ipò tí kò sí ọ̀tá. Lóòótọ́, slime á lọ, ṣùgbọ́n gbogbo ewu tí a torí rẹ̀ mọ odi á bá a lọ.

Ohun tó là mí lójú ni pé slime kì í yọ lápá ẹnubodè rárá, ìdí ìtẹ́ nìkan ni. Ẹni tó bá sì ń ṣọ́ ìtẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kò lè rí i láé, torí pé irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ kì í yọ níbi tí kò bá jìnnà séèyàn tó búlọ́ọ̀kù 24. Mo wá lọ dúró sókè ẹnubodè, níbi tí mo ti lè rí ìtẹ́ lókèèrè, mo ń wò. Ó pẹ́. Lójijì, ọ̀kan yọ lórí ilẹ̀ tó mọ́lẹ̀ kedere, lójú mi báyìí. Mo tẹ F3 àti G pa pọ̀, àwọn ìlà ààlà chunk (ègé ayé tó jẹ́ búlọ́ọ̀kù 16 lóròó, 16 níbùú) jáde: inú chunk tí ìtẹ́ wà ló wà. Èyí tó yọ tẹ̀ lé e, inú chunk yẹn náà ni.

Bọ́rọ̀ ṣe rí rèé. Nínú chunk mẹ́wàá, nǹkan bí ọ̀kan jẹ́ ti slime. Lórí Java, seed ayé yín, nọ́ńbà tí géèmù fi ṣẹ̀dá rẹ̀, ló ń pinnu èyí tó jẹ́. Lórí Bedrock, ibì kan náà ni wọ́n wà nínú gbogbo ayé. Nínú chunk bẹ́ẹ̀, slime lè yọ níbikíbi tó bá wà nísàlẹ̀ Y 40, ìmọ́lẹ̀ yòówù kó wà níbẹ̀. Ẹ lè fi ògùṣọ̀ tẹ́ ilẹ̀ pátá, kò kàn án.

Ilẹ̀ lẹ ó tún ṣe. Ẹ kó ilẹ̀ chunk náà kúrò, 16 lóròó, 16 níbùú, kí ẹ fi sílábù (ìdajì búlọ́ọ̀kù) rọ́pò rẹ̀, kó sì jẹ́ ìdajì ìsàlẹ̀ ni sílábù náà jókòó sí. Bí ẹ bá gbé e sí ìdajì òkè kí ilẹ̀ lè tẹ́ dọ́gba, slime á tún yọ; bí ẹ bá to méjì léra, á yọ. Ààlà chunk kò bá ìlà gbọ̀ngàn wa mu, nítorí náà a fi sílábù gba gbogbo ìbú gbọ̀ngàn, ilẹ̀ ìdí ìtẹ́ wá rẹlẹ̀ díẹ̀ lọ́gbọọgba, ó sì rẹwà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń dúró láìtíì parí nìyí: àjà tó wà lókè àti nísàlẹ̀ wà nínú chunk kan náà. Bí ẹ bá tún ilẹ̀ gbọ̀ngàn ṣe tí ẹ fi ilé ìṣúra abẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ibẹ̀ ni wọn ó ti máa yọ. Àwa dìídì fi yàrá kan sílẹ̀ nísàlẹ̀ pátápátá láti máa pa wọ́n, torí slimeball tó ń bọ́ lára wọn ni a fi ń ṣe sticky piston, ẹ̀rọ tó ń ti búlọ́ọ̀kù tó sì ń fà á padà, fún àwọn ìlẹ̀kùn ìkọ̀kọ̀.

Ìbéèrè: Géèmù ń fà bí mo bá ti wọ ilé ìṣúra.

Ìdáhùn: Ẹ wo iye hopper (ẹ̀rọ tó ń kó ẹrù) àti item frame (férémù tí a ń fi ẹrù hàn lára ògiri) tó wà níbẹ̀. Hopper tí kò ní nǹkan lórí kì í yé wá ẹrù tó máa gbà. Ẹ gbé composter, àpótí ajílẹ̀, lé e. Ẹ má fi armor stand, igi tí a ń wọ ìhámọ́ra fún, ṣe ọmọ ogun, ẹ fi búlọ́ọ̀kù gbẹ́ ère.

Ìbéèrè: Apá kan ìlú ti pòórá, òkúta tútù ló wà níbẹ̀, igun mẹ́rin ló gé sí.

Ìdáhùn: Ẹ dúró. Ẹ má gbẹ́ nǹkan kan, ẹ má to nǹkan kan, ẹ má wá fídíò tó ń kọ́ni bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe. Fáìlì ayé ló ní ìṣòro, n kò sì fẹ́ rí ọwọ́ aláìmọ̀ níbẹ̀. Fáìlì .mca kan, ọ̀kan nínú àwọn fáìlì tí ayé náà wà nínú wọn, ló gba chunk 32 lóròó àti 32 níbùú. Ẹni tó bá pa á rẹ́ kó lè tún chunk kan ṣe ti pa 1,024 rẹ́, pẹ̀lú gbogbo ohun tí ẹlòmíì kọ́ sínú wọn. Ẹ ya àwòrán ibẹ̀ pẹ̀lú F3, ẹ kọ ìgbà tí ẹ rí ibẹ̀ ní pípé kẹ́yìn, kí gbogbo yín jáde, kí ẹ sì pe ẹni tó ni sáfà kó pa á, kó lọ wo ẹ̀dà tó tọ́jú.