Ọ̀sẹ̀ méjìlá tí mo fi sin àbúrò mi lọ sọ́dọ̀ kánsẹ́lọ̀

Ìwé kékeré aláwọ̀ ewé kan ni mo mú dání lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ lọ. Ẹ̀ṣẹ̀ àbúrò mi ló kún inú ẹ̀, mo kọ ọ́ tọjọ́toṣù: owó tó kó, irọ́ tó pa, alẹ́ tí kò wálé. Mo ti pinnu pé bí kánsẹ́lọ̀, ìyẹn agbaninímọ̀ràn fún ẹni tí oògùn ti di bárakú fún, bá ti ní ká jókòó báyìí, màá rojọ́ náà látòkè délẹ̀, kó lè mọ ibi tó ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í bá a wí. Lójú tèmi, ìbáwí la wá gbà. Kò gbọ́ tilé mọ́, bóyá á gbọ́ ti àjèjì.

Màrúwá ló ń wà n'Ìbàdàn. Aago márùn-ún ìdájí ló ń jáde, ó máa ń tó aago mọ́kànlá alẹ́ kó tó wọlé, tramadol, oògùn ara ríro líle kan, ló sì fi ń gbé ara dúró. Èyí tí ìjọba fọwọ́ sí kì í ju mílígírámù 50 tàbí 100 lọ lẹ́yọ kan. Èyí tí wọ́n ń tà fún wọn ní gáráàjì, 225 ni wọ́n kọ sára páálí ẹ̀. Mẹ́ta ló ń gbé mì lójúmọ́, á tún da paraga lé e lórí. Èmi ò fura. Télọ̀ ni mí, mi ò kì í gbé orí kúrò lórí ẹ̀rọ. Ọjọ́ tí mo fún un ní ₦80,000 owó aṣọ ẹbí oníbàárà kan pé kó bá mi dé ọjà Gbági, tó lo ọjọ́ méjì kó tó padà, tí kò sí aṣọ, tí kò sí owó, ọjọ́ yẹn ni ojú mi là.

Màámi ní aráyé ló ń ṣe é. A gbé e lọ sí ilé ìtọ́jú kan tí mi ò ní dárúkọ. Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ni wọ́n fi sí i lẹ́sẹ̀ fún ọjọ́ mọ́kàndínlógún, a sì sanwó fún un o. Nígbà tó jáde, a ṣe ìdúpẹ́, a pa adìyẹ. Ní alẹ́ ọjọ́ kẹta, ó yọ́ jáde lọ gbé mẹ́ta mì bó ṣe máa ń ṣe, gìrì sì mú un lórí ẹní. Dókítà tó gbà á sílẹ̀ lóru yẹn ló ṣàlàyé fún mi pé ara tó ti sinmi fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò lè ru ẹrù tó ń rù tẹ́lẹ̀ mọ́. Iye oògùn tí kò ṣe é ní nǹkan kan lóṣù tó kọjá lè pa á lónìí. Òun náà ló sọ pé tramadol kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi ipá já lójijì nínú yàrá tí kò sí dókítà, pàápàá ẹni tó bá tún ń fi ọtí lé e. Ó júwe ibi tí ká lọ.

Bó ṣe sọ pé ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ ni, Màámi káwọ́ lérí. "Ẹ fẹ́ gbé ọmọ mi lọ sí Aro!" Ẹ mọ̀ bí a ṣe ń fi Aro, ilé ìwòsàn ọpọlọ tó wà l'Abẹ́òkúta, bú ara wa ní ilẹ̀ yìí. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, bí Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adeoye Lambo ṣe bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ibẹ̀ ní 1954, kì í ṣe pé ó ń ti èèyàn mọ́lé. Ọ̀dọ̀ àwọn ará abúlé tó wà láyìíká ilé ìwòsàn náà ló ń fi àwọn aláìsàn wọ̀ sí, mọ̀lẹ́bí wọn á bá wọn wá, á máa se oúnjẹ fún wọn, wọ́n á máa ti abúlé wá gba ìtọ́jú. Mi ò mọ èyí nígbà yẹn. Ohun tí mo mọ̀ kò ju pé nọ́ọ̀sì tó gba káàdì wa sọ pé a ò ní lè dá a fi sílẹ̀, pé ẹnì kan nínú ilé gbọ́dọ̀ máa bá a wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bó ṣe di tèmi nìyẹn.

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, dókítà ló ni ín. Imú ń dà, ó ń yán, ó ń ya ìgbẹ́ gbuuru, ẹsẹ̀ kò jẹ́ kó sùn. Wọ́n fún un ní oògùn tó mú un rọlẹ̀, ó sì kọjá.

Lórí bẹ́ǹṣì ìta ni mo ti kọ́kọ́ tijú ara mi. Ìwádìí tí ìjọba ṣe ní 2018 sọ pé mílíọ̀nù 14.3 nínú àwọn tó wà láàárín ọdún 15 sí 64 ní Nàìjíríà ló lo oògùn olóró láàárín ọdún kan ṣoṣo. Nígbà tí mo gbọ́ ọ lórí rédíò, ọmọ ìta ni mo fi gbogbo wọn pè. Ẹni tó jókòó tì mí lọ́jọ́ yẹn, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni, ó gbé báàgì ìwé sórí itan. Ẹni kejì ń fi fóònù bá ọ̀gá ẹ̀ níbi iṣẹ́ sọ̀rọ̀, ó ní òun wà ní báńkì.

Nígbà tó kàn wá, a bá màmá kan, òun ni kánsẹ́lọ̀ náà, nínú yàrá tóóró, fáànù ń ké kíì-kíì lókè. Ó dìde lẹ́yìn tábìlì, ó wọ́ àga ẹ̀ wá sí iwájú wa, ó jókòó. Mo ṣí ìwé mi.

"Àǹtí, ẹ ṣé tí ẹ bá a wá. Ẹ bá mi di ìwé yẹn mú ná. A máa kà á, kò ní jẹ́ òní."

Ó wá kọjú sí àbúrò mi. "Kí ni tramadol ń ṣe fún ẹ?"

Mo rò pé mo ṣì í gbọ́. Ohun tó ń ṣe *fún* un? Àbúrò mi náà wò mí kó tó dáhùn, ó ń wo bóyá pàkúté ni. Ó ní ó ń jẹ́ kí òun rí owó ọlọ́kọ̀ pé, ó ń jẹ́ kí ẹ̀yìn òun má dun òun. Màmá kò sọ nǹkan kan. Fáànù ń ké. Ó pẹ́ débi pé èmi ni mo fẹ́ la ẹnu, ó sì fọwọ́ kàn mí lórúnkún pé kí n dákẹ́. Àbúrò mi wá ní, "Ó ń jẹ́ kí n má rántí Bàbá."

Nínú kẹ̀kẹ́ yẹn ni Bàbá wa kú sí, lọ́nà ilé ìwòsàn, nínú súnkẹẹrẹ-fàkẹẹrẹ. Gbogbo wa la mọ̀ pé àbúrò mi ló wà á. Ní ọdún mẹ́rin, kò sẹ́nì kan nínú wa tó bi í pé báwo ni.

Mo ti máa ń rò pé iṣẹ́ kánsẹ́lọ̀ ni kó sọ̀rọ̀. Ti màmá yìí kò jọ bẹ́ẹ̀. Bí àbúrò mi bá sọ gbólóhùn márùn-ún, òun á sọ ẹyọ kan, èyí tó bá sì sọ, ọ̀rọ̀ tó ti jáde lẹ́nu àbúrò mi náà ni yóò tún tò padà fún un. Ó bi í pé, láti òdo dé mẹ́wàá, mélòó ni jíjáwọ́ ṣe ká a lára tó. Ó ní mẹ́rin. Mo pòṣé. Màmá ní, "Mẹ́rin dáa. Kí ló dé tí kì í ṣe méjì?"

Ó ronú. Ó ní ọmọbìnrin òun ti ń sá fún òun. Ó ní òun ń dẹ́rù ba ara òun lórí bíríìjì. Ó ka ìdí mẹ́rin jáde fúnra ẹ̀, èyí tí mo fi ọdún kan pariwo lé e lórí tí kò wọ̀ ọ́ létí. Nígbà tí a ń lọ, mo bi màmá pé kí ló dé tí kò bi í pé kí ló dé tí kì í ṣe mẹ́sàn-án. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní bí òun bá bi í bẹ́ẹ̀, àwáwí ni ì bá máa kà fún òun, bó bá sì ti fẹnu ara ẹ̀ ka àwáwí tán, á gbà wọ́n gbọ́. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo rò títí a fi délé.

Láti ọ̀sẹ̀ kẹta, iṣẹ́ àmúrelé wọlé. Kó máa kọ ìgbà tí oògùn bá ń pè é sílẹ̀: ibi tó wà, ẹni tó wà pẹ̀lú ẹ̀, bóyá ó ti jẹun. Ẹ wo ohun tí ìwé náà tú fó. Aago méjì ọ̀sán tí kò tíì fi nǹkan sẹ́nu. Ọjọ́ Ẹtì tí ọlọ́kọ̀ bá pè lórí fóònù. Ibi ọlọ́paraga kan ní Ìwó Ròòdù, tó bá ti gbọ́ òórùn ẹ̀ lásán. Ó fi Ìwó Ròòdù sílẹ̀, ó bọ́ sí ọ̀nà Bódìjà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó ibẹ̀ kéré. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbé oúnjẹ sínú kúlà fún un. Màmá ní ìpè yẹn dà bí ìrọbí, á gorí, á gorí, á sì sọ̀ kalẹ̀, ó sábà máa ń kọjá láàárín ìdajì wákàtí béèyàn ò bá dá a lóhùn. Omi tútù, orógbó lẹ́nu, kó pe ẹnì kan. Èmi ló ń pè. Nígbà míì a ò ní sọ nǹkan kan tó lórí, màá máa ránṣọ lọ, á máa gbọ́ ìró ẹ̀rọ.

Ní ọ̀sẹ̀ keje, ó gbé ọ̀kan mì. Òun fúnra ẹ̀ ló pe màmá kó tó pè mí. Mo ti múra pé màá bú u, mo sì ń retí kí màmá bá mi bú u. Ìbéèrè ẹ̀ ni pé: "Mẹ́ta lò ń lò tẹ́lẹ̀. Kí ló dá ẹ dúró lórí ọ̀kan?" Ó dá a lóhùn pé gìrì yẹn ni òun rántí. Wọ́n fi odindi wákàtí kan tú ọjọ́ yẹn wò bí ẹni ń tú aṣọ tí wọ́n rán wọ́, láti ibi tí ìjà òun àti ọlọ́kọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀.

Ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án ni Màámi bá wa lọ. Ọjọ́ yẹn náà ni màmá ní kí n ṣí ìwé mi. Ó ní kí n mú ẹyọ kan ṣoṣo, kí n má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "o jí", kí n sọ ohun tó ṣe èmi. Mo mú ti Gbági. Mo ní, "Lọ́jọ́ tí owó aṣọ ẹbí yẹn lọ, mo lọ kúnlẹ̀ fún oníbàárà mi níwájú àwọn ọmọ iṣẹ́ mi." Mi ò lè kà síwájú. Àbúrò mi dọ̀bálẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì yẹn, kò sẹ́ni tó ní kó ṣe é.

Màmá sọ díẹ̀ fún ilé: ká má fi owó ńlá rán an níṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ká má tú àpò ẹ̀, ká yé pè é ní orúkọ tí àdúgbò ń pè é. Bí gìrì bá tún mú un, ká dà á sí ẹ̀gbẹ́ kan, ká mú ohun tó lè ṣe é léṣe kúrò nítòsí, ká má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ká gbé e lọ sílé ìwòsàn. Màámi wo ilẹ̀. Ṣíbí ló ti fi ṣẹ́ eyín ẹ̀ kan lóru ìjelòó.

A parí ọ̀sẹ̀ méjìlá, wọ́n sún wa sí ẹ̀ẹ̀kan lóṣù. Ohun tó ń bí mi nínú níbẹ̀ kò ju pé kánsẹ́lọ̀ kò pọ̀. A máa ń jókòó láti aago mẹ́jọ di ọ̀sán nígbà míì, ọjọ́ iṣẹ́ awakọ̀ sì ni ọjọ́ yẹn. Ìwé aláwọ̀ ewé náà wà nínú dúrọ́ọ̀ ẹ̀rọ mi, mi ò tíì jù ú nù.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó wá gba kúlà ẹ̀, ó rí ìwé náà níbi tí mo ti ń wá bọ́bìnnì. Ó jókòó sórí àpótí.

"Àǹtí mi, láti òdo dé mẹ́wàá, mélòó ni ẹ ṣì ń bínú sí mi?"

Mo ní mẹ́fà.

"Kí ló dé tí kì í ṣe mẹ́jọ?"